Omi Rèdíétọ̀ Alùpùpù Mi Ti Pọ́n, Ẹ́ńjìnnì Sì Ń Gbóná: Kí Ni Kí N Kọ́kọ́ Wò?

Ọmọ Ìtamàgà: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Kawasaki KLR650 tókúnbọ̀ ni mò ń gùn, ti 1996. Ó ní rèdíétọ̀, ó ní fáànù, ó ní géèjì ooru lójú. Tí mo bá ń sáré lọ sí Ìtòìkín, géèjì kì í kọjá àárín. Àmọ́ tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá ti mú mi láti Ògólóńtò dé Májídùn lọ́nà Máìlì 12, á máa gòkè títí á fi kan pupa. Lánàá, mo ṣí ike kékeré tí omi máa ń dà sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kúláǹtì, ìyẹn omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, tí àwọ̀ rẹ̀ yẹ kó dà bíi ti ewé ti pọ́n, ẹrẹ̀ sì ti dì sí ìsàlẹ̀ ike. Mo gbé àwòrán rẹ̀ sílẹ̀ fún yín. Mẹkáníìkì kan ní kí n yọ thermostat sọnù, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi dúró nínú ẹ́ńjìnnì títí á fi gbóná tó. Òmíràn ní gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì, èyí tí kì í jẹ́ kí iná, omi àti òróró dà pọ̀, ti lọ, kí n lọ wá owó. Kí n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u, kí ni kí n kọ́kọ́ wò?

Ajé Ìmọ́tà: Ọ̀kadà wo ló ní rèdíétọ̀? Láti ìgbà tí mo ti ń gun Boxer, mi ò rí ọ̀kadà tí wọ́n ń bu omi sí.

Ọmọ Ìpakòdò: Ṣé kúláǹtì nìyẹn àbí àgbo jẹ̀dí? Irú rẹ̀ gan-an ló wà lọ́wọ́ ìyá tó ń jókòó ní garéèjì Sábó 😂

Sàkà Agric: Hahaha! Ti ìgò rẹ̀ ló kù!

Bàbá Ẹ́ńjìnnì: Àbúrò, má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú. Yọ thermostat yẹn kúrò. Òyìnbó ló nílò rẹ̀, nítorí ilẹ̀ wọn tutù. Ilẹ̀ tiwa ń gbóná tẹ́lẹ̀, kí la tún fẹ́ fi ohun tó ń dá omi dúró ṣe? Mo ti yọ ọ́ lára mọ́tò, mo ti yọ ọ́ lára alùpùpù, kò sí oníbàárà kan tó padà wá bá mi jà.

Rẹ́wáyà Ògólóńtò: Ẹ̀yin Bàbá, ẹ má bínú o, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ohun tó kọ kà. Ó ní tí òun bá ń sáré, kì í gbóná. Tó bá dúró lójú kan ló ń gbóná. Thermostat tó bá há sí títì kò mọ̀ ìgbà tí èèyàn ń sáré yàtọ̀ sí ìgbà tó dúró. Ibi gbogbo ni yóò ti máa gbóná. Nígbà tí alùpùpù ń lọ, afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà ló ń fẹ́ rèdíétọ̀. Tó bá dúró, fáànù ló kù. Àbúrò, ṣé o ti gbọ́ kí fáànù yẹn kùn rí nígbà tí géèjì bá gòkè?

Bàbá Ẹ́ńjìnnì: Rẹ́wáyà, wáyà ni iṣẹ́ tìrẹ. Ẹ́ńjìnnì ni tèmi.

Ọmọ Ìtamàgà: Ẹ̀gbọ́n Rẹ́wáyà, mi ò rántí pé mo gbọ́ fáànù yẹn rí látìgbà tí mo ti rà á.

Rẹ́wáyà Ògólóńtò: Ẹ ò rí i! Kọ́kọ́ wo fíúsì rẹ̀. Tí fíúsì bá dáa, wá ṣíwìṣì ooru tí wọ́n dè mọ́ ara rèdíétọ̀, kí o yọ wáyà orí rẹ̀. Tó bá jẹ́ wáyà méjì, so méjèèjì pọ̀. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan, fi ẹnu rẹ̀ kan ibi tí irin ara alùpùpù ti mọ́. Yí kọ́kọ́rọ́ sí ọ́ọ̀nù, má sítáàtì rẹ̀. Tí fáànù bá yí, a jẹ́ pé fáànù wà láàyè, wáyà rẹ̀ wà láàyè, ṣíwìṣì ló kú. Ó sì lè jẹ́ pé omi gbígbóná kò dé ara ṣíwìṣì náà ni. Tí kò bá yí, gbé iná bátìrì fún fáànù fúnra rẹ̀. Tó bá yí nígbà yẹn, wá ẹ̀bi lọ sọ́dọ̀ wáyà, tàbí rìléè (ṣíwìṣì tí iná fúnra rẹ̀ ń tẹ̀) tó bá ní in. Tó bá kọ̀, mọ́tò fáànù ti jóná nìyẹn. Owó kọ́bọ̀ kò tíì jáde lápò rẹ.

Ìyá Oníbáìkì: Olúwa á bùkún fún ọ, Rẹ́wáyà. Àwọn tó bá ti rí ènìyàn lórí báìkì ńlá, "lọ wá owó" ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn. Mo ní àwọn ọmọ tó ń fi báìkì pín ẹrù fún mi láti Sábó dé Ìgbógbò dé Ìjẹ̀dẹ̀, mo mọ ohun tí ojú mi ti rí.

Ajé Ìmọ́tà: Mo tún ń béèrè o. Ọ̀kadà wo ló ní rèdíétọ̀?

Tísà Kẹ́mísírì: Ajé, ti Boxer yín, afẹ́fẹ́ ló ń tutù ú. Àwọn irin pẹlẹbẹ tó tò léra wọn lára ẹ́ńjìnnì rẹ̀, iṣẹ́ tiwọn nìyẹn. KLR650 ń lo omi láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1987.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àwòrán tó gbé sílẹ̀. Àwọ̀ omi rèdíétọ̀ máa ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Tó bá pọ́n, tí ẹrẹ̀ pupa sì wà nísàlẹ̀, ìpáàrà ni. Ẹnì kan ti ń bu omi lásán kún un fún ìgbà pípẹ́, oògùn tó wà nínú kúláǹtì láti má jẹ̀ẹ́ kí irin dípẹtà ti tán. Tó bá funfun, tó nípọn, tó sì ń yọ̀ lára ìka, òróró ẹ́ńjìnnì ti dà pọ̀ mọ́ omi. Ìyẹn ló yẹ kó já èèyàn láyà. Tó bá ki, tó dì mọ́ra, kúláǹtì oríṣi méjì tí kò bára mu ni wọ́n dà pọ̀, tàbí kó jẹ́ oògùn tí wọ́n fi ń dí ihò rèdíétọ̀ ni ẹni tó ní in tẹ́lẹ̀ dà sí i. Ohun tí mo rí nínú àwòrán yìí, ìpáàrà ni. Mi ò rí òróró níbẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀dẹ̀: Ẹrẹ̀ kẹ̀? Ẹrẹ̀ ọ̀nà wa nìyẹn! Ẹ wo ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ̀ tí òjò bá ti rọ̀. Ẹrẹ̀ á dí ojú rèdíétọ̀ pátápátá, afẹ́fẹ́ kò ní ráyè kọjá. Kó fọ ìta rẹ̀. Kó má gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ mọ́tò o, agbára omi yẹn á tẹ àwọn irin wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Rọ́bà omi lásán, látẹ̀yìn wá síwájú, jẹ́jẹ́.

Tísà Kẹ́mísírì: Inú ike ni ẹrẹ̀ tí òun ń sọ wà, kì í ṣe ìta. Àmọ́ ìmọ̀ràn yín dáa, kó fọ ìta náà.

Ọmọ Ìjẹ̀dẹ̀: Ọ̀nà náà ni kí wọ́n ṣe fún wa!

Àjíhìnrere Òwutù: Ọ̀rọ̀ ọ̀nà Ìkòròdú ti di ọ̀rọ̀ àdúrà. Ẹ jẹ́ ká gbé e fún Ọlọ́run.

Ọmọ Ìpakòdò: Bàbá, ẹ gbé alùpùpù arákùnrin yìí náà fún Ọlọ́run, kó mu àgbo yẹn yó.

Sàkà Agric: Ife méjì láàárọ̀, ife méjì lálẹ́ 😂😂

Tísà Kẹ́mísírì: Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kúláǹtì ṣeré. Májèlé ni. Ohun tó wà nínú rẹ̀ dùn lẹ́nu, ìdí nìyẹn tí ajá àti ewúrẹ́ fi ń lá a nílẹ̀. Tí ọmọdé bá mu ún, kíndìnrín rẹ̀ lè bà jẹ́, ó sì lè kú. Mo ti rí àwọn tó ń rọ èyí tó kù sínú ìgò míníràlì, tí wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Ẹ dákun, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì dà á sínú gọ́tà níwájú ilé onílé.

Ìyá Ìbejì Ìgbógbò: Há! Mi ò mọ̀yẹn rárá o. Ọkọ mi ní ọ̀kan nínú ìgò Fanta lábẹ́ tábìlì. Mò ń lọ gbé e báyìí.

Sàkà Agric: Ó dáa o, Tísà. A ti gbọ́.

Ọmọ Ìpakòdò: Ẹ mà ti ba eré jẹ́.

Bàbá Ẹ́ńjìnnì: Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ àwọ̀, àwọ̀, àwọ̀. YỌ THERMOSTAT. Omi á máa yí lọ láìdúró, ooru á kúrò.

Rẹ́wáyà Ògólóńtò: Bàbá, tí omi bá ń yí láti àárọ̀ dọ́jọ́ alẹ́, tí kò sí afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ rèdíétọ̀, omi gbígbóná náà ni yóò máa yí. Níbo lẹ fẹ́ kí ooru gbà jáde?

Bàbá Ẹ́ńjìnnì: O ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé bá mi sọ̀rọ̀.

Rẹ́wáyà Ògólóńtò: Kì í ṣe ìwé, Bàbá. Ohun tí ọwọ́ ń bà ni. Ẹ́ńjìnnì ní ìwọ̀n ooru tó fẹ́. Tí ẹ bá yọ thermostat, tó bá ń sáré lójú ọ̀nà Ìtòìkín ní ìdájí, kò ní gbóná tó. Epo tó ń jẹ á pọ̀ sí i. Omi díẹ̀díẹ̀ tó ń wọ inú òróró ẹ́ńjìnnì kò ní rí ooru tí yóò lé e jáde, òróró á di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á tún sọ pé gásíkẹ́ẹ̀tì ló lọ. Ẹ́ńjìnnì mìíràn sì wà tó jẹ́ pé tí ẹ bá yọ thermostat rẹ̀, omi á kàn máa gba ọ̀nà àbùjá padà sínú ẹ́ńjìnnì láìdé rèdíétọ̀. Á tún wá gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Bàbá Ẹ́ńjìnnì: Ta ló so fáànù Camry aláwọ̀ eérú kan mọ́ bátìrì tààrà ní Ògólóńtò, tí bátìrì kú mọ́ ọ̀gá náà lọ́wọ́ ní Kétu? Ṣé kì í ṣe ìwọ?

Rẹ́wáyà Ògólóńtò: Bàbá! Ọmọ iṣẹ́ yín ló so ó! Èmi ni wọ́n gbé e wá bá pé kí n tú u. Mo ra ṣíwìṣì tuntun sí i, fáànù yẹn sì ń dá tàn, ó ń dá kú títí dòní.

Bàbá Ẹ́ńjìnnì: Ọmọ iṣẹ́ tèmi kì í fọwọ́ kan wáyà.

Rẹ́wáyà Ògólóńtò: Ó fọwọ́ kàn án. Mo mọ̀ ọ́n. Wáyà pupa ilé ló lò, ó fi nálọ̀ǹ dè é.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́: Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ẹ ò ní pa ara yín báyìí? Mo wá wo nǹkan kan nítorí Honda Transalp mi, mo bá ìjà.

Ìyá Oníbáìkì: Ẹ jókòó o. Ó ti ń dùn.

Olóòótọ́ Odògùnyàn: Ẹ má pariwo. Kó máa bu píọ́ wọ́tà sí i. Omi píọ́ wọ́tà mọ́, mo ń lò ó nínú mọ́tò mi, kò ṣe nǹkan kan.

Tísà Kẹ́mísírì: Omi tó mọ́ lẹ́nu wa yàtọ̀ sí omi tó mọ́ fún irin. Ọ̀pọ̀ omi bọ́ọ̀hóòlù wa ní Ìkòròdú ní irin nínú. Ẹ wo inú garawa funfun tí ẹ bá ti ń pọn ọ́n sí i fún ìgbà díẹ̀, ó ti pọ́n. Irú omi bẹ́ẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́ ojú ihò tóóró inú rèdíétọ̀. Píọ́ wọ́tà sàn ju omi bọ́ọ̀hóòlù lọ, ṣùgbọ́n iyọ̀ ilẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, kò sì ní oògùn ìpáàrà. Kó lo omi bátìrì, ìdajì rẹ̀, kó fi kúláǹtì tó bá aluminíọ̀mù mu ṣe ìdajì kejì. Kó wá èyí tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé kò ní silicate, nítorí ìyẹn máa ń ha ojú síìlì, ohun tí kì í jẹ́ kí omi jò lára wọ́tà pọ́ǹpù.

Olóòótọ́ Odògùnyàn: Omi bátìrì?! Ásíìdì lẹ fẹ́ kó bu sínú ẹ́ńjìnnì?

Tísà Kẹ́mísírì: Mi ò pe ásíìdì. Omi bátìrì ni omi tí wọ́n sè, tí wọ́n gba ooru rẹ̀ padà di omi, èyí tí a fi ń kún bátìrì tí omi rẹ̀ bá lọ sílẹ̀. Ásíìdì bátìrì ni wọ́n máa ń dà sínú bátìrì tuntun tó gbẹ. Wọ́n ń tà wọ́n lórí tábìlì kan náà, inú ìgò tó jọra. Kí ó ka ohun tó wà lára ìgò, kó tún bi ẹni tó ń tà á.

Olóòótọ́ Odògùnyàn: Èmi ò lè bu nǹkan tó ń jẹ́ bátìrì sínú ẹ́ńjìnnì mi. Píọ́ wọ́tà ni tèmi.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́: Omi òjò ńkọ́? Ìyá wa àgbà máa ń gbé garawa sílẹ̀.

Olóòótọ́ Odògùnyàn: PÍỌ́ WỌ́TÀ.

Tísà Kẹ́mísírì: Omi òjò tí kò gba orí páánù kọjá kò burú fún ṣíṣan inú rẹ̀ nù. Tó bá ti gba orí páánù tó ti dípẹtà, ìpáàrà náà lẹ tún ń bù padà.

Ọmọ Ìtamàgà: Ẹ ṣé gan-an, Tísà. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá gásíkẹ́ẹ̀tì ló lọ lóòótọ́, gẹ́gẹ́ bí mẹkáníìkì kejì ṣe sọ?

Kékeré Ìbèṣè: Nígbà tó bá gbóná dáadáa, ṣí ìdérí rèdíétọ̀, kí o wò ó bóyá ó ń tú èéfín.

Ìyá Oníbáìkì: KÉKERÉ! Ṣé o fẹ́ pa á ni? Ẹ má ṣí ìdérí rèdíétọ̀ tó gbóná láé! Ọmọ kan lára àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ṣe é, omi gbígbóná bọ́ ọ láti àgbọ̀n dé àyà. A wà ní ọsibítù.

Tísà Kẹ́mísírì: Ọ̀rọ̀ Ìyá ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Ìdérí yẹn ń di agbára mú sínú. Tí wọ́n bá kọ 1.1 sára rẹ̀, omi lásán kò ní hó níbẹ̀ títí ooru á fi dé nǹkan bí 120. Bí ẹ bá ti ṣí i, agbára yẹn lọ, gbogbo omi náà á hó lẹ́ẹ̀kan náà, á sì fò sí yín lójú. Ìdí kan náà nìyẹn tí ìdérí tí rọ́bà rẹ̀ ti sán fi ń mú kí omi tètè hó. Ọmọ Ìtamàgà, wo rọ́bà ìdérí rẹ, kó tó di ohun tó wọ́n.

Ti gásíkẹ́ẹ̀tì: láàárọ̀ tí ẹ́ńjìnnì tutù wọ̀ǹ ni kí o ṣí ìdérí, kí omi kún dé ẹnu, kí o sì sítáàtì rẹ̀. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ lè kọ́kọ́ jáde, ìyẹn kò burú. Tí ìfófòó bá ń yọ láìdáwọ́ dúró, tí omi ń ru sókè jáde, tí o sì gbọ́ òórùn èéfín sàlẹ́ńsà níbẹ̀, iná inú ẹ́ńjìnnì ti ń jò sínú omi nìyẹn. Tún wo gíláàsì tí a fi ń wo òróró. Tí òróró bá funfun, omi ti wọ ibẹ̀. Tí kò bá sí ọ̀kankan nínú wọn, má gbé owó gásíkẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́: Kó bẹ̀rẹ̀ kó wo abẹ́ wọ́tà pọ́ǹpù náà. Ihò kékeré kan wà níbẹ̀, àwọn tó ṣe é ló fi sílẹ̀. Tí omi bá ń kán níbẹ̀, síìlì omi ti lọ. Tó bá jẹ́ òróró ló ń kán, síìlì òróró ni. Àwọn kan máa ń fi gọ́ọ̀mù dí i. Tí wọ́n bá dí i, omi tí kò rọ́nà jáde á wá ọ̀nà lọ sínú òróró. Bó ṣe ṣe Transalp mi nìyẹn, ẹni tó tà á fún mi ti dí i.

Bàbá Ẹ́ńjìnnì: Ìwọ ará Ẹ̀pẹ́, o mọ nǹkan. Àmọ́ yíyọ thermostat ṣì ni.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́: Bàbá, thermostat tèmi wà níbẹ̀ o.

Bàbá Ẹ́ńjìnnì: Afẹ́fẹ́ ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ló ń gbà ọ́.

Gbajúmọ̀ Ìtá-Ẹlẹ́wà: Ẹ gbọ́, ṣebí ìjọba ti fòfin de ọ̀kadà ní Èkó? Báwo ni ẹ ṣe ń gùn ún?

Ìyá Oníbáìkì: 1 Oṣù Kẹfà 2022 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìyẹn ní Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Etí-Ọ̀sà, Àpápá, Lagos Island àti Lagos Mainland. Nígbà tó di Oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, wọ́n fi Kóṣòfẹ́, Òṣòdì-Ìsọlọ̀, Ṣómólú àti Múṣin kún un. Ìkòròdú kò sí nínú wọn.

Gbajúmọ̀ Ìtá-Ẹlẹ́wà: Ṣùgbọ́n ó ní òun ń lọ sí ọ̀nà Máìlì 12. Kóṣòfẹ́ nìyẹn!

Ìyá Oníbáìkì: Kò gbé èrò. Ti ara rẹ̀ ló ń gùn. KLR tó ju 600cc lọ kì í ṣe ọ̀kadà.

Ajé Ìmọ́tà: Ẹ ò rí i? Mo ti ń sọ ọ́ látàárọ̀ pé ọ̀kadà kò ní rèdíétọ̀.

Gbajúmọ̀ Ìtá-Ẹlẹ́wà: Àwọn tó ń mú alùpùpù lábẹ́ afárá kò ní bi ọ́ ní cc o. Wọ́n á kàn gbé e sínú ọkọ̀ wọn ni.

Kékeré Ìbèṣè: Wọ́n gbé ti ẹ̀gbọ́n mi, tí ìwé rẹ̀ pé pérépéré.

Ọmọ Ìjẹ̀dẹ̀: Dípò kí wọ́n ṣe ọ̀nà!

Rẹ́wáyà Ògólóńtò: Bàbá Ẹ́ńjìnnì, mi ò tíì kúrò níbẹ̀ o. Ẹ bá mi dáhùn: kí ló dé tí ẹ kì í fi thermostat sínú omi gbígbóná kẹ́ ẹ tó jù ú nù? Ìkòkò kan, sítóòfù kan. Ẹ fi òwú so ó kọ́ sínú omi, kó má kan ìsàlẹ̀. Ẹ tan iná sí i. Wọ́n tẹ ìwọ̀n ooru tó máa ṣí sí i lára, ó máa ń wà láàárín 70 sí 85. Kí omi tó hó, ẹ ó rí i tí àárín rẹ̀ ń yọ sókè díẹ̀díẹ̀. Tó bá ṣí, ó dáa, ẹ dá a padà. Tí omi bá hó tí kò mira, ẹ ra tuntun fún oníbàárà. Kí ló le nínú ìyẹn?

Bàbá Ẹ́ńjìnnì: Mo ní oníbàárà mẹ́rin nílẹ̀, o ní kí n máa se thermostat. Ṣé ọbẹ̀ ni mò ń sè ni?

Sàkà Agric: Thermostat pẹ̀lú fùfú, ẹ bù ú fún mi 😂

Ọmọ Ìpakòdò: Ẹ fi pọ̀nmọ́ sí i!

Rẹ́wáyà Ògólóńtò: Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín, owó ọmọ ẹni ẹlẹ́ni ló ń lọ. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Wọ́n á yọ thermostat, kò ní ṣiṣẹ́. Wọ́n á so fáànù tààrà, bátìrì á kú. Wọ́n á ra bátìrì, wọ́n á ní gásíkẹ́ẹ̀tì ni. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti parí, wọ́n á ní kó lọ tà á kó ra Boxer. Ìdọ̀tí inú omi àti ṣíwìṣì kan péré ló fa gbogbo rẹ̀.

Bàbá Ẹ́ńjìnnì: Ta lo ń bá wí?

Rẹ́wáyà Ògólóńtò: Ẹni tó bá mọ ara rẹ̀, Bàbá.

Bàbá Ẹ́ńjìnnì: Bàbá rẹ kò lè bá mi sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. A jọ jẹun pọ̀ ní Sábó kí wọ́n tó bí ọ.

Rẹ́wáyà Ògólóńtò: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má mú bàbá mi wọ̀ ọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún yín. Thermostat nìkan ni mi ò lè bọ̀wọ̀ fún yín lórí rẹ̀.

Àjíhìnrere Òwutù: Ẹ jẹ́ ká fi ìfẹ́ bá ara wa sọ̀rọ̀. Ọmọ ìyá ni gbogbo wa.

Ìyá Oníbáìkì: Rẹ́wáyà, dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, kí o sì máa sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ rẹ lọ.

Rẹ́wáyà Ògólóńtò: Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ má yọ ọ́.

Bàbá Ẹ́ńjìnnì: Màá yọ ọ́.

Ọmọ Ìtamàgà: Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí mi jà. Mo ti ṣe é báyìí. Fíúsì dáa. Wáyà méjì ló wà lórí ṣíwìṣì tèmi. Mo so wọ́n pọ̀, mo yí kọ́kọ́rọ́, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí pẹ̀lú agbára, eruku tú jáde. Mo ṣí ìdérí nígbà tó tutù, mo sítáàtì rẹ̀: kò sí ìfófòó, kò sí òórùn èéfín. Òróró mọ́ nínú gíláàsì. Mo ti ọmọ ìka bọ ẹnu rèdíétọ̀, ìpáàrà pupa ló lẹ̀ mọ́ ọn.

Rẹ́wáyà Ògólóńtò: ÓGO NI FÚN ỌLỌ́RUN! Ṣíwìṣì ni! Mo wí bẹ́ẹ̀!

Tísà Kẹ́mísírì: Ìpáàrà ni. Bí mo ṣe wí náà nìyẹn. Kó tó ra ṣíwìṣì, kó ṣan inú rẹ̀ nù. Tú gbogbo rẹ̀ dànù nígbà tó tutù, gba á sínú abọ́. Bu omi bátìrì sí i, jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ títí rọ́bà òkè rèdíétọ̀ á fi gbóná. Rọ́bà yẹn tó gbóná ló ń sọ pé thermostat ti ṣí. Pa á, jẹ́ kó tutù, tú u dànù. Tún un ṣe títí ohun tó ń jáde á fi mọ́ gaara. Yọ ike ẹ̀gbẹ́ náà, da ìrẹsì gbígbẹ ìkúnwọ́ kan àti omi díẹ̀ sínú rẹ̀, gbọ̀n ọ́n dáadáa, ìdọ̀tí á ṣí. Ìrẹsì yẹn, dà á nù o, má fún adìyẹ. Tí o bá ń rọ kúláǹtì tuntun sí i, rọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, gbé alùpùpù dúró ṣánṣán, máa fọwọ́ tẹ àwọn rọ́bà kí afẹ́fẹ́ jáde. Tí afẹ́fẹ́ bá há sínú rẹ̀, omi kò ní dé ara ṣíwìṣì, fáànù kò sì ní tàn.

Bàbá Ẹ́ńjìnnì: Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó fi omi burúkú sínú rẹ̀ ni wọ́n ní kí n gbà gbọ́ pé kò ba thermostat jẹ́? Ìpáàrà yẹn ti dì í pa. Ohun tí mo ń sọ látàárọ̀ nìyí!

Olóòótọ́ Odògùnyàn: Tó bá jẹ́ píọ́ wọ́tà ló lò, kò ní pọ́n.

Ajé Ìmọ́tà: Tó bá jẹ́ Boxer ló gùn, kò ní sí omi rárá.

Ìyá Ìbejì Ìgbógbò: Mo ti gbé ìgò Fanta yẹn kúrò. Níbo ni kí n dà á sí? Ẹ má sọ pé gọ́tà.

Kékeré Ìbèṣè: Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ta akoto tókúnbọ̀ tí kò wọ́n?

Sàkà Agric: Kékeré, wá sí Agric, ẹ̀gbọ́n mi kan ní méjì. Ọ̀kan ti là díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́.

Ìyá Oníbáìkì: Akoto tó ti là kì í ṣe akoto mọ́. Kékeré, má rà á!

Sàkà Agric: Díẹ̀ ni mo pè é, Ìyá.

Ìyá Oníbáìkì: Orí ọmọ ọlọ́mọ kọ́ ni "díẹ̀".

Bàbá Ẹ́ńjìnnì: Ọmọ Ìtamàgà, gbé alùpùpù yẹn wá bá mi ní Sábó lọ́jọ́ Sátidé. Rẹ́wáyà náà kó wá, tó bá dá ara rẹ̀ lójú. Níwájú gbogbo ayé ni màá ti yọ thermostat náà.

Rẹ́wáyà Ògólóńtò: Mo ń bọ̀, Bàbá. Mo máa gbé ìkòkò àti sítóòfù dání. Ẹ bá mi dá ọwọ́ dúró títí màá fi dé.

Ọmọ Ìtamàgà: Sátidé yẹn, mo ní ìgbéyàwó ní Àgbọ̀wà o.

Bàbá Ẹ́ńjìnnì: Fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀.

Rẹ́wáyà Ògólóńtò: MÁ FI KỌ́KỌ́RỌ́ SÍLẸ̀!

Ìyá Oníbáìkì: Ẹ sún un sí ọjọ́ Àìkú, kí n lè wá. Aago mélòó?